Corolla àti 504 ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì: èwo nínú wọn ni ó jogún ẹ́ńjìnnì eré-ìje?

Ará_Tánkè kọ pé:

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ jẹ lógún. Ní Sátidé tó kọjá, mo gbé Corolla tòkunbọ̀ mi, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2004, lọ sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì mi ní agbègbè Gẹ́rí Àlímì kí ó lè bá mi pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Nígbà tí ó ṣí ìdérí oníke tí wọ́n kọ VVT-i sí lára, ó sọ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé ẹ́ńjìnnì oní-fáàfù mẹ́rìndínlógún ni, àti pé kámúṣáfútì méjì ni ó jókòó sórí rẹ̀. (Fáàfù ni ìlẹ̀kùn kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tí èéfín sì ń gbà jáde; kámúṣáfútì ni ọ̀pá tó ń yí láti ṣí i.) Bàbá àgbàlagbà kan wà lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń dúró de Peugeot 504 tiwọn. Bàbá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní: "Ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ tèmi yìí ni ó kọ́kọ́ ṣe irú ẹ́ńjìnnì tó wà nínú ọkọ̀ tìrẹ yẹn, eré-ìje ni wọ́n sì fi í sá, kí wọ́n tó bí bàbá tó bí mi."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi títí mo fi délé. Ṣé òótọ́ ni bàbá sọ? Bí ó bá sì jẹ́ òótọ́, kí ni ó pa ọkọ̀ eré-ìje pọ̀ mọ́ ọkọ̀ tí ìyàwó mi fi ń lọ ra ata ní Ìpàtà?

Olùkọ́_Ọ̀fà fèsì pé:

Òótọ́ pọ́ńbélé ni bàbá sọ, ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ka ẹ̀rín náà sí.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1912, wọ́n sá Grand Prix ilẹ̀ Faransé, ìdíje ńlá ti eré-ìje ọkọ̀, ní Dieppe. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi sá a, ojú ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ ni, gbogbo rẹ̀ sì lé ní 1,500 kìlómítà. Ní ayé ìgbà náà, ẹni tó bá ń wá eré a máa sọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ di ràbàtà ni. Fiat ti ilẹ̀ Ítálì gbé ẹ́ńjìnnì tó lé ní lítà mẹ́rìnlá wá sí ìdíje yìí. Lítà 7.6 péré ni ti Peugeot, ìyẹn ni pé ó fi díẹ̀ lé ní ìdajì ti Fiat, síbẹ̀ Georges Boillot fi í gba ipò kìíní. Kí n má fi ọ̀kan pa méjì, ọkọ̀ Fiat tí David Bruce-Brown ará Amẹ́ríkà wà ni ó ṣíwájú ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò nítorí pé ó bu epo síta ibi tí òfin yàn. Fiat mìíràn, èyí tí Louis Wagner wà, sá a dópin, kò sì bá Boillot.

Orí ẹ́ńjìnnì náà, tí wọ́n ń pè ní L76, ni àṣírí wà. Fáàfù mẹ́rin ni wọ́n fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan (ihò tí písítìnì ti ń lọ sókè sódò): méjì fún afẹ́fẹ́ àti epo tó ń wọlé, méjì fún èéfín tó ń jáde. Wọ́n dá àwọn fáàfù náà sí ẹ̀gbẹ́ méjì, wọ́n fì síra wọn bí apá méjì òrùlé ilé, wọ́n sì fi púlọ́ọ̀gì sí àárín gbùngbùn kí iná lè ràn dé gbogbo igun lẹ́ẹ̀kan náà. Kámúṣáfútì méjì ni wọ́n gbé sókè, ọ̀kan fún ọ̀wọ́ fáàfù kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo inú Corolla yín, ohun kan náà gẹ́lẹ́ ni ẹ óò bá níbẹ̀. Ẹlòmíràn ti lo fáàfù mẹ́rin rí, ẹlòmíràn sì ti gbé kámúṣáfútì sókè rí, ṣùgbọ́n L76 ni ó kó gbogbo rẹ̀ jọ sójú kan tó sì fi borí.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ ni àwọn tó ṣe é. Awakọ̀ eré-ìje mẹ́ta, Boillot, Jules Goux àti Paolo Zuccarelli, ni wọ́n gbé ìmọ̀ náà kalẹ̀, tí ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan tí ń jẹ́ Ernest Henry sì yà á sórí ìwé. Inú bí àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ tó wà nílé iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀ pé awakọ̀ lásán ni wọ́n gbé iṣẹ́ wọn fún, wọ́n sì ń pè wọ́n ní ayédèrú. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Goux gbé ayédèrú náà kọjá òkun lọ sí Indianapolis ní Amẹ́ríkà, ó fi gba ipò kìíní, ó sì fi nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́tàlá ṣáájú ẹni tó ṣe ìkejì. Ọkọ̀ Peugeot tún gba ìdíje kan náà ní 1916 àti 1919.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí fáàfù kéékèèké mẹ́rin fi sàn ju ńlá méjì lọ, kí ó mú okùn. Fáàfù kan tí ìbú ẹnu rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 40, okùn tí yóò yí etí rẹ̀ ká yóò tó mìlímítà 126. Fáàfù méjì tí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 32, okùn tiwọn yóò tó 201. Etí yẹn ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé nígbà tí fáàfù bá ṣí, nítorí náà bí wọ́n bá ṣí ní ìwọ̀n kan náà, ẹnu ọ̀nà àwọn kéékèèké méjì ni ó fẹ̀ jù. Kékeré sì tún fúyẹ́: sípíríǹgì rí i dá padà kíákíá nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré.

Ọmọ_Àjàṣẹ́ fèsì pé:

Olùkọ́, ẹ ṣeun púpọ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ń rún mi nínú. Mo dàgbà nínú 504 píkọ́ọ̀pù tí bàbá mi fi ń kó iṣu láti Àjàṣẹ́-Ìpo lọ sí Ìlọrin, mo sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n tú orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Fáàfù mẹ́jọ péré ni mo kà. Kámúṣáfútì kan ṣoṣo ni, ìsàlẹ̀ ni ó sì wà, ọ̀pá gbọọrọ ni ó fi ń ti fáàfù lókè. Bí ó bá jẹ́ pé Peugeot ti mọ èyí tó dára láti 1912, kí ló dé tí wọ́n fi kó èyí tó rẹlẹ̀ wá fún wa ní Kàdúná ní 1975? Ṣé a kò já mọ́ nǹkan lójú wọn ni?

Mẹkáníìkì_Òmù-Àrán fèsì pé:

Ọmọ Àjàṣẹ́, má bínú sí wọn lórí ọ̀ràn yìí. 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí àwọn ará Faransé ń gùn nílé wọn. Mo ti fi iṣẹ́ yìí jẹun fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, mo sì fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí nínú ẹ́ńjìnnì náà.

Lóòótọ́, fáàfù mẹ́jọ ni, ọ̀pá ni ó sì ń tì wọ́n. Àmọ́ nígbà tí wọ́n tú tọ́ọ̀pù náà, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì, ǹjẹ́ o dojú rẹ̀ kọ òkè kí o wo ibi tí iná ti ń jó? Ó tẹ̀ kòtò bí inú igbá ni. Fáàfù tó ń gba afẹ́fẹ́ wà lápá kan, èyí tó ń tu èéfín wà lápá kejì, wọ́n fì síra wọn, púlọ́ọ̀gì sì wọlé sí àárín wọn. Ṣé ẹ rí i pé òrùlé tí Olùkọ́ ń sọ nìyẹn? Láti ọdún 1948 tí wọ́n ti ṣe Peugeot 203 ni wọ́n ti ń ṣe orí ẹ́ńjìnnì báyìí, tí wọ́n fi ọgbọ́n rọ́kà (apá irin tó ń tẹ fáàfù ṣí) jẹ́ kí kámúṣáfútì kan tó wà nísàlẹ̀ lè ṣí fáàfù tó wà ní ìhà méjì. Lójú tèmi, ṣe ni wọ́n pín ogún 1912 sí méjì: 504 mú bí àyè iná ṣe rí, Corolla mú fáàfù mẹ́rin àti kámúṣáfútì méjì mọ́ ọn.

Ohun kejì ni sílífù, ìyẹn ọ̀pá oníhò tí písítìnì ń rìn nínú rẹ̀. Nínú 504, sílífù dá dúró láàyè ara rẹ̀, omi sì ń ṣàn yí i ká. Bí ó bá jẹ, mo lè fa á jáde kí n fi tuntun pẹ̀lú písítìnì tuntun sí i lórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi, láìgbé bulọ́ọ̀kù lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ ìfẹjú. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá kọṣẹ́ sí ìgbèríko mọ iyì èyí.

Ẹ má sì rò pé ẹ́ńjìnnì yìí kò sá eré-ìje rí, irú eré tirẹ̀ ni ó yàtọ̀. Peugeot 404, ẹ̀gbọ́n 504, gba ìdíje Safari ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní 1963, 1966, 1967 àti 1968. Ní 1963 àti 1968, ẹrẹ̀ àti òjò pọ̀ débi pé ọkọ̀ méje péré ni ó parí ìdíje ní ọdún kọ̀ọ̀kan. Ẹ́ńjìnnì 404 yẹn, 1,618 cc, ni wọ́n fẹ ojú ihò rẹ̀ tí wọ́n sì na ẹsẹ̀ rẹ̀ (ìyẹn ìrìn písítìnì nínú ihò náà) títí ó fi di 1,971 cc tó wà nínú 504. Nígbà tó di 1975, Ove Andersson ọmọ ilẹ̀ Sweden àti Arne Hertz gbé 504, wọ́n gba Safari. Ẹnì kan yóò sọ pé 504 tún gbà á ní 1978. Bẹ́ẹ̀ ni, Jean-Pierre Nicolas ni ó wà á, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì oní-sílíńdà mẹ́fà ni ó wà nínú ìyẹn, kì í ṣe irú tiwa, nítorí náà n kò kà á mọ́ ọn.

Ará_Tánkè fèsì pé:

Ọ̀gá mi, Olùkọ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ó ti yé mi báyìí pé n ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá. Ó ku ẹyọ kan: báwo ni ohun tí àwọn ará Faransé ṣe ṣe di ohun tó wà nínú Toyota? Mo tún wo ara ẹ́ńjìnnì mi, 1ZZ ni mo bá níbẹ̀, mẹkáníìkì sì ní 1ZZ-FE ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ṣé lẹ́tà wọ̀nyẹn ní ìtumọ̀?

Onímọ̀_Ẹ̀rọ_Òkè-Odò fèsì pé:

Wọ́n ní ìtumọ̀, inú wọn gan-an ni ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ wà.

1ZZ ni pé òun ni àkọ́bí nínú ìdílé ẹ́ńjìnnì ZZ. E dúró fún epo tí kọ̀ǹpútà ń fín sínú rẹ̀, tí kì í ṣe kábúrétọ̀. F ni ó ṣe pàtàkì. Nígbà tí Toyota bá gbé kámúṣáfútì méjì sórí ẹ́ńjìnnì, ọ̀nà méjì ni ó ń gbà ṣe é. Bí àwọn fáàfù bá fì síra wọn gan-an, tí ihò afẹ́fẹ́ sì fẹ̀, fún agbára àti eré, ó ń pè é ní G. Bí wọ́n bá fì díẹ̀, tí tọ́ọ̀pù rẹ̀ sì kéré níwọ̀n, fún epo tí kì í tán kíákíá àti agbára láti ìsàlẹ̀, ó ń pè é ní F. Èyí túmọ̀ sí pé orí ẹ́ńjìnnì eré-ìje ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti tọ́ ọ sọ́nà fún iṣẹ́ ilé.

Nínú ìdílé rẹ, àbúrò kan wà tí ń jẹ́ 2ZZ-GE, tí Yamaha bá Toyota ṣe. 1ZZ-FE rẹ jẹ́ 1,794 cc, ti àbúrò jẹ́ 1,796 cc, ṣùgbọ́n agbára ẹṣin tirẹ jẹ́ nǹkan bí 130, ti àbúrò jẹ́ nǹkan bí 180, nítorí pé ihò rẹ̀ fẹ̀ jù, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú jù, ó sì lè yí ju ìgbà ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ó wà nínú àwọn Matrix tí wọ́n kọ XRS sí lára. Lotus ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rà á sínú ọkọ̀ Elise wọn. Kódà 1ZZ-FE tìrẹ náà wọ Elise, èyí tí wọ́n ń pè ní Elise S.

Ẹ wo ìdílé S pẹ̀lú. Ẹ́ńjìnnì 5S-FE, lítà 2.2, tó wà nínú Camry 1992 sí 1996 tí ẹ ń rí ní gbogbo àdúgbò Ìlọrin, ọmọ ìyá 3S ni. Nígbà tí wọ́n fi orí G àti tọ́bò (ẹ̀rọ tí èéfín ń yí láti ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì) sí 3S, ó di 3S-GTE. Ìyẹn ni ó wà nínú Celica tó gba Safari ní 1990, 1992, 1993, 1994 àti 1995, òun náà sì ni ó wà nínú Corolla tí Toyota fi di ilé iṣẹ́ tó borí nínú ìdíje ráálì àgbáyé (eré ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn bíi Safari) ní 1999.

Ẹ kò sì ní gbàgbọ́ ẹni tó wà nídìí rẹ̀. Ove Andersson tí Ọ̀gá Òmù-Àrán dárúkọ, ẹni tó fi 504 gba Safari ní 1975, òun kan náà ni ó dá ẹgbẹ́ eré-ìje Toyota sílẹ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó gba Safari léra wọn ní 1984, 1985 àti 1986 pẹ̀lú Celica, òun ni ó sì ṣáájú Toyota wọ Formula 1 ní 2002. Bàbá tó jókòó lábẹ́ máńgòrò àti ìwọ, ẹnì kan náà ni ó wa ọkọ̀ fún ẹ̀yin méjèèjì.

Ìyá_Fáté fèsì pé:

Ẹ kú àròjinlẹ̀ o. Mo ka gbogbo rẹ̀, ó dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n da omi díẹ̀ sí i kí ó tó ru jù. Camry 1999 ni mo ń wà, mo sì máa ń wà á lọ sí Òmù-Àrán lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. Bí ẹ bá ń sọ fún àwọn ọmọdé pé ẹ́ńjìnnì eré-ìje ni ó wà nínú ọkọ̀ wa, wọn yóò gé sàlẹ́ǹsà ọkọ̀ wọn, wọn yóò sì máa dún gbòlà-gbòlà kọjá níwájú ilé mi ní aago méjìlá òru, bí wọ́n ti ń ṣe lọ́wọ́lọ́wọ́. (Mo mọ̀ wọ́n. Wọ́n mọ̀ pé mo mọ̀ wọ́n.)

Ẹ́ńjìnnì eré-ìje, lẹ́yìn ìdíje, ṣe ni wọ́n ń tú u palẹ̀ tí wọ́n ń pààrọ̀ ohun inú rẹ̀. Tèmi ti rìn ju 300,000 kìlómítà lọ, n kò sì tíì ṣí tọ́ọ̀pù rẹ̀. Lójú tèmi, ohun tí wọ́n yọ kúrò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa ṣe pàtàkì bí èyí tí wọ́n fi sílẹ̀.

Onímọ̀_Ẹ̀rọ_Òkè-Odò fèsì pé:

Ìyá, òótọ́ ọ̀rọ̀ lẹ sọ, VVT-i tí wọ́n kọ sórí Corolla Ará Tánkè sì jẹ́rìí sí yín. Ọkọ̀ eré-ìje máa ń wà ní òkè eré rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dópin, nítorí náà wọ́n lè de àsìkò fáàfù mọ́ ibì kan ṣoṣo kó sì bá a mu. Ọkọ̀ tiwa yóò dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Post Office fún ogún ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà yóò kó èèyàn márùn-ún àti àpò gàrí gun òkè. Àsìkò fáàfù kan ṣoṣo kò lè tẹ́ méjèèjì lọ́rùn. VVT-i ń fi agbára òróró ẹ́ńjìnnì yí kámúṣáfútì tó ń ṣí fáàfù afẹ́fẹ́ síwájú tàbí sẹ́yìn bí iṣẹ́ bá ti rí. Ìdí nìyí tí òróró tó ti dúdú tó sì ki fi ń ba irú ẹ́ńjìnnì yìí lọ́kàn jẹ́ kíákíá ju bí ó ti ń ṣe sí 504 lọ.

Olùkọ́_Ọ̀fà fèsì pé:

Mo gbàgbé ìtàn kan tó yẹ kí Ọ̀gá Òmù-Àrán gbọ́, nítorí pé ìtàn mẹkáníìkì ni. Bob Burman, awakọ̀ ará Amẹ́ríkà, ní ọkọ̀ Peugeot eré-ìje kan. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fọ́ ní 1915. Ogun Àgbáyé Kìíní ti bẹ́ sílẹ̀ ní Faransé, kò sí bí pátì yóò ṣe ti ibẹ̀ wá. Burman gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù Harry Miller ní Los Angeles, níbi tí Fred Offenhauser ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n tú ẹ́ńjìnnì náà, wọ́n wọn ohun gbogbo inú rẹ̀, wọ́n sì rọ èyí tó bàjẹ́ fúnra wọn. Ẹni tó bá tún nǹkan rọ ti mọ bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Nígbà tó yá, láti ṣọ́ọ̀bù yẹn ni ẹ́ńjìnnì Offenhauser ti jáde, oní-fáàfù mẹ́rin àti kámúṣáfútì méjì bí ti Peugeot, ó sì ṣì gba ìdíje Indianapolis ní 1976, ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn tí Burman gbé ọkọ̀ rẹ̀ wọlé.

Mẹkáníìkì_Òmù-Àrán fèsì pé:

Olùkọ́, ẹ ti pa mí lẹ́rìn-ín. Àìsí pátì ni ó kọ́ èmi náà ní iṣẹ́.

Ará_Tánkè fèsì pé:

Mo ti padà sí Gẹ́rí Àlímì lánàá. Bàbá ṣì wà níbẹ̀, nítorí 504 wọn kò tíì jáde. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo ohun tí ẹ kọ síbí fún wọn, láti Dieppe dé Los Angeles. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n kàn ní: "Mo ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀."

Mẹkáníìkì wá gbé tọ́ọ̀pù ògbólógbòó méjì sórí tábìlì fún wa, ọ̀kan ti 504, ọ̀kan ti 1ZZ tó ti kú. A dojú wọn kọ òkè. Mo ka fáàfù, mẹ́jọ níbí, mẹ́rìndínlógún lọ́hùn-ún. Bàbá kò kà á. Wọ́n fi ìka ìfábẹ̀lá kan ihò púlọ́ọ̀gì 504, ó wà láàárín fáàfù méjì. Wọ́n fi kan ti Corolla, ó wà láàárín mẹ́rin. Wọ́n wò mí, wọn kò sọ̀rọ̀, wọ́n nu ọwọ́ wọn sára àkísà.

Kí n tó máa lọ, wọ́n ní kí n bi ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn tó báyìí bóyá ẹnì kan nínú yín mọ ibi tí àwọn ti lè rí gáskẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù 504 ojúlówó rà, nítorí ohun tó dá ọkọ̀ àwọn dúró láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá nìyẹn.

Mẹkáníìkì_Òmù-Àrán fèsì pé:

Sọ fún bàbá pé méjì wà lọ́wọ́ mi, inú ọ̀rá rẹ̀ ni wọ́n ṣì wà. Kí wọ́n fi nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wọn ránṣẹ́ kí n lè mọ̀ bóyá 1,796 ni tàbí 1,971, ihò wọn kò dọ́gba. Ìyá Fáté ń bọ̀ níbí lópin ọ̀sẹ̀, wọn yóò bá wọn gbé e.